Ẹ má jẹ́ kí gbẹ̀gìrì tutù: oúnjẹ òpin ọ̀sẹ̀ n'Ìbàdàn

Láti 2021 tí ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń ná Èkó sí Mọ́níyà n'Ìbàdàn, òpin ọ̀sẹ̀ kì í tún ṣòro fáwọn àbúrò mi láti wá kí mi. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí lórí fóònù: "Àǹtí mi, àmàlà ibo la máa jẹ?" Ó wù mí kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè gbẹ̀gìrì.

Èlùbọ́ tó dára ń ti Òkè-Ògùn wọ Èkó, ẹni tó bá sì mọ àmàlà rò lè rò ó níbikíbi. Gbẹ̀gìrì niṣẹ́ wà. Wọ́n á rẹ ẹ̀wà, wọ́n á bó o, wọ́n á sè é títí á fi rọ̀ gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀, kí wọ́n tó fi ìjábẹ̀ jà á. Bí èèpo bá kù nínú rẹ̀, ahọ́n á mọ̀. Lẹ́yìn náà ni ata, epo pupa àti irú á wọ̀ ọ́. Màmá mi kì í jẹ́ ká fi magí sí i. Wọ́n ní ká jẹ́ kí irú sọ̀rọ̀.

Gbẹ̀gìrì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tó bá tutù, á dì. Tó bá fi dìrọ̀lẹ́ nínú ooru, ó lè ti máa kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ọ̀sán ni kí ẹ jẹ àbùlà, nǹkan bí aago méjìlá, tí ìkòkò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Bódìjà ni mo máa ń mú àlejò lọ. Amala Skye, ilé oúnjẹ tí gbogbo ayé mọ̀, wà níbẹ̀, àmọ́ àwọn bùkà inú ọjà Bódìjà náà ò kẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ fún ìyá olóúnjẹ pé kí wọ́n kọ́kọ́ bu gbẹ̀gìrì, kí wọ́n da ewédú lé e, kí ọbẹ̀ ata tó wá gorí rẹ̀. Ògúnfe ni tèmi. Ẹni tó bá fẹ́ inú ẹran, ṣàkì àti àbọ́dì wà. Ọwọ́ ni kí ẹ fi jẹ ẹ́ o.

Láàárọ̀, ẹ̀kọ ni. Ibi táwọn èèyàn mọ̀ jù nínú oríkì Ìbàdàn, ẹ̀kọ ló dárúkọ, kì í ṣe àmàlà: ọmọ a jòro sùn, ọmọ a jẹ̀gbín yó, ọmọ a fi ìkarahun fọ́rí mu. Ẹ̀kọ náà ni òrí. Ìtàn ní nígbà tí ogun lé Lágelú àtàwọn èèyàn rẹ̀ gun orí òkè, òro àti ìgbín ni wọ́n jẹ, ìkarahun ìgbín ni wọ́n sì fi ń mu ẹ̀kọ. Ẹ jẹ tiyín pẹ̀lú àkàrà gbígbóná tàbí mọ́ínmọ́ín eléwé. Mi ò fẹ́ràn èyí tí wọ́n ń sè nínú ọ̀rá, torí òórùn ewé yẹn wà lára adùn rẹ̀.

Lálẹ́ Sátidé, ẹ lọ sí Sábó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́kọ́lá, fún súyà. Láti 1916 làwọn Hausa ti tẹ àdúgbò náà dó. Ẹ ní kí wọ́n fi àlùbọ́sà àti yájì sí i dáadáa.

Lọ́jọ́ Àìkú, kí ọkọ̀ yín tó gbéra, ẹ ya ọjà, kí ẹ ra èlùbọ́. Ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Èyí tó bá ní yanrìn lẹ́nu, ẹ fi í sílẹ̀. Irú pẹ̀tẹ̀ ni kí ẹ rà fún gbẹ̀gìrì, irú wóró fún ẹ̀fọ́, kí ẹ sì dì wọ́n sínú ike tó ní ìdérí.