Oko Ẹṣin Tó Di Àdúgbò Wa ní Oshawa

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tá à ń gbé àríwá Oshawa, ní Kánádà níbí, ló ń gba Windfields Farm Drive kọjá lójoojúmọ́ láìbèèrè oko ta ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà ládùúgbò náà tó ń jẹ́ Northern Dancer. Ọmọ mi ló sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Dádì, orúkọ ẹṣin ni o." Ẹṣin kẹ̀? Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ọkùnrin tó ni ẹṣin náà nìyẹn, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń tẹ ilẹ̀ yìí mọ̀ ọ́n.

E. P. Taylor ni, òun náà ló ni oko Windfields. Ottawa ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1901. Bíà ló sọ ọ́ di olówó: bàbá ìyá rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ọtí, nígbà tó sì di 1930 tí ọrọ̀ ajé ayé dẹnu kọlẹ̀, òun ń ra àwọn ilé-iṣẹ́ bíà kéékèèké, ó ń so wọ́n pọ̀. Don Mills ní Toronto tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn, òun náà ló dá a sílẹ̀.

Ọ̀nà bíà yìí kan náà ló gbé e dé ìdí ẹṣin. Wọn ò gbà kí ilé-iṣẹ́ ọtí polówó ọjà wọn ní Ontario nígbà yẹn. Lọ́dún 1936, Taylor ra ẹṣin, ó ń fi wọ́n díje lórúkọ Cosgrave, tí í ṣe orúkọ bíà. Ìwé ìròyìn ò sì lè ṣàìkọ orúkọ ẹni tó ni ẹṣin tó bá gbégbá orókè.

Ibi tí mo ti gbà fún un pé ọ̀gá ni ni ọ̀rọ̀ abo ẹṣin. Olówó mìíràn á wá ẹṣin tó ti ń borí, á rà á, á ya fọ́tò. Taylor ń wá ìyá. Ní Newmarket, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ra Lady Angela ní 1952 pẹ̀lú oyún Nearco nínú. Nearco yìí, kò sí ẹṣin tó borí rẹ̀ rí. Ìyẹn ò tíì tó o. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí Nearco tún gùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tó bá bímọ, kí wọ́n tó gbé e wá sí Kánádà. Oyún kejì yẹn ló di Nearctic, tí wọ́n bí níbí ní 1954. Ní 1958, ó tún ra abo mìíràn, Natalma, ní 35,000 dọ́là. Nígbà tí orúnkún Natalma bàjẹ́ tí kò lè sáré mọ́, wọ́n mú un lọ bá Nearctic. Lóṣù Karùn-ún ọdún 1961, ní Oshawa wa yìí, ó bí akọ kúkúrú kan: Northern Dancer.

Taylor máa ń fi iye owó sórí àwọn ọmọ ẹṣin rẹ̀, ẹni tó bá wù á mú. 25,000 dọ́là ló fi sórí èyí. Wọ́n wò ó, wọ́n ní ó ti kéré jù, wọ́n kọjá lára rẹ̀. Ó wá kù sí ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìdíje ẹṣin ńlá tí wọ́n ń pè ní Kentucky Derby ní Amẹ́ríkà ń bọ̀ ní 1964, agẹṣin olókìkí nì, Bill Shoemaker, tó ti gùn ún rí, fi í sílẹ̀ lọ gun Hill Rise. Àwọn méjèèjì jọ wọ ìparí ìdíje, Hill Rise ń lé e bọ̀ ní gbogbo agbára, àmọ́ ìwọ̀n ọrùn ẹṣin péré ni ẹṣin kúkúrú fi ṣáájú rẹ̀, ní ìṣẹ́jú méjì géérégé. Títí di ọjọ́ yẹn, kò sí ẹṣin tó tíì yára tó bẹ́ẹ̀ rí ní Derby. Ó gba Preakness, ó ṣe ipò kẹta ní Belmont, ìdíje Amẹ́ríkà làwọn méjèèjì, ó wá gba ìdíje Queen's Plate nílé, ní Kánádà. Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́.

Ẹni tó bá rò pé ó parí síbẹ̀ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ní 1965, 10,000 dọ́là ni wọ́n ń gbà kó tó gun abo ẹnikẹ́ni. Ọmọ rẹ̀ Nijinsky, tí wọ́n tà ní 84,000 dọ́là, gba ìdíje ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Triple Crown ní 1970. Látìgbà yẹn, akọ ẹṣin kankan ò tíì ṣe é mọ́. Ní 1981, àwọn kan fi 40 mílíọ̀nù dọ́là lọ̀ wọ́n fún Northern Dancer, ẹni ogún ọdún. Wọn ò tà á. Owó gígùn rẹ̀ ga títí ó fi kan mílíọ̀nù kan dọ́là, láìsí ìdánilójú pé abo máa lóyún.

Taylor kú ní 1989, ẹṣin náà tẹ̀ lé e ní 1990, wọ́n sì sin ín sí oko ní Oshawa. Wọ́n ti oko náà pa ní 2009. Yunifásítì, ilé gbígbé àti ṣọ́ọ̀bù ló kún ibẹ̀ báyìí. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ àwa àlejò ń ra ilé níbẹ̀ láìmọ ohun tí ilẹ̀ náà bí.

Woodbine, pápá ìdíje ẹṣin tó wà nítòsí pápákọ̀ òfuurufú Toronto, Taylor ló ṣe agbátẹrù rẹ̀, ó sì ṣí ní 1956. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sá King's Plate, tó jẹ́ Queen's Plate tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kó àwọn ọmọ lọ wò ó, ẹ gba ìwé ètò, kẹ́ ẹ ka orúkọ bàbá àti ìyá ẹṣin kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wá bàbá bàbá wọn lórí fóònù. Ẹ ò ní pẹ́ kan Northern Dancer.