Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí mo díje fún ipò káńsẹ́lọ̀ láìṣe ẹ̀sìn kankan

Ìbéèrè tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n fẹ́ wọ ìṣèlú ní ìlú Ọba máa ń bi mí jù lọ, tí wọ́n sì máa ń fi ohùn kékeré bi, ni pé ṣé ẹni tí kò ṣe ẹ̀sìn kankan lè díje kí ó sì wọlé. Ìdáhùn mi ni pé ó lè wọlé. Mo díje fún ipò káńsẹ́lọ̀ ní gúúsù London, ní àdúgbò tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí gidigidi, tí ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́tùn-ún lósì Old Kent Road nínú ilé ìtajà àtijọ́ àti ilé ìkẹ́rù, mo sì wọlé láìpurọ́ fún ẹnikẹ́ni pé mo jẹ́ Kristẹni tàbí Mùsùlùmí. Mo fẹ́ sọ ohun tí ó gbà, nítorí kò rọrùn, ibi tí ó sì ti le kọ́ ni ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ òfin kúrò nílẹ̀. Fọ́ọ̀mù ìdíje fún káńsù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè orúkọ, àdírẹ́sì àti ẹgbẹ́ òṣèlú; kò béèrè ẹ̀sìn. Ọmọ Nàìjíríà tí ó ní ìwé ìgbélùú tí kò ní gbèdéke lè díje gẹ́gẹ́ bí ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth, kódà bí kò tíì gba ìwé ọmọ ìlú. Ìwé tí káńsẹ́lọ̀ ń fọwọ́ sí lẹ́yìn tí ó bá wọlé kì í ṣe ìbúra rárá: ìkéde lásán ni pé yóò ṣe iṣẹ́ náà pẹ̀lú òótọ́ dé ibi tí òye àti agbára rẹ̀ mọ, a kò sì dárúkọ Ọlọ́run nínú rẹ̀. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2021, ìpín 37.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará England àti Wales ló sọ pé àwọn kò ní ẹ̀sìn. Keir Starmer, tí ó ti sọ ní gbangba pé òun kò gbà pé Ọlọ́run wà, kò fi ìwé mímọ́ kankan búra ní ilé aṣòfin ní oṣù keje ọdún 2024. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ láìdárúkọ Ọlọ́run ni, ìyẹn kò sì dí i lọ́wọ́ láti jẹ́ olórí ìjọba.

Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù pé àwọn olùdìbò ni yóò kọ òun, ìtàn Charles Bradlaugh ni mo máa ń sọ fún un. Ó díje fún ilé aṣòfin ní Northampton, ìlú àwọn aṣebàtà, ní ọdún 1868 àti 1874, wọn kò mú un. Ní 1880 wọ́n mú un, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé ọkùnrin náà kò gbà pé Ọlọ́run wà, nítorí kò fi pa mọ́ rí. Nígbà tí ó dé ilé aṣòfin, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun jẹ́jẹ̀ẹ́ dípò kí òun fi orúkọ Ọlọ́run búra, wọ́n kọ̀. Ó ní kò burú, òun yóò búra bí àwọn yòókù. Wọ́n tún kọ̀, wọ́n ní ìbúra kò lè de ẹni tí kò gbàgbọ́. Wọ́n tì í mọ́ inú ilé ìṣọ́ aago tí Big Ben wà, ó sùn síbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1881, àwọn ọlọ́pàá àti ìránṣẹ́ ilé aṣòfin wọ́ ọ jáde títí kóòtù ọrùn rẹ̀ fi ya. Síbẹ̀, ìgbàkígbà tí àga rẹ̀ bá ṣófo, àwọn ará Northampton a tún yàn án padà: ní 1881, ní 1882, ní 1884, àti nínú ìdìbò gbogbogbòò ti 1885. Ó di oṣù kìíní ọdún 1886 kí Arthur Peel, tí ó jẹ́ olórí ilé nígbà náà, tó kọ̀ láti gba ẹnikẹ́ni láyè kí ó dí i lọ́wọ́. Bradlaugh búra, ó jókòó, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe agbátẹrù òfin ọdún 1888 tí ó fún gbogbo aṣòfin ní ẹ̀tọ́ láti jẹ́jẹ̀ẹ́.

Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí i pé àwọn aláṣẹ ló dínà fún un, kì í ṣe àwọn aṣebàtà. Kì í ṣe gbogbo wọn ló gba èrò rẹ̀ nípa Ọlọ́run. Ó ti ń wá sọ́dọ̀ wọn fún ọdún méjìlá kí wọ́n tó yàn án, wọ́n ti gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n ti mọ ohun tí ó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe.

Ìyá àgbàlagbà kan ló là mí lóye nípa ohun tí àwọn ènìyàn tiwa ń béèrè gan-an. Mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, mo kí i, mo sì na ìwé pélébé wa sí i. Kò wo ìwé náà. Ó ní, “Ṣọ́ọ̀ṣì wo lò ń lọ, ọmọ mi?” Mo ní, “N kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, mà.” Ó ní, “Mọ́sálásí ńkọ́?” Mo ní, “Rárá, mà.” Ó dákẹ́, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó wá ní, “Tí o bá wá jí owó káńsù, ta ni kí n lọ fi ọ́ sùn?”

N kò tíì gbọ́ ìbéèrè tí ó bọ́gbọ́n mu jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìṣèlú. Ìyá yìí kò bi mí nípa ìgbàgbọ́ Mẹ́talọ́kan. Oníduùró ló ń béèrè, bí ẹni tí ó ń gba àjọ ṣe ń béèrè kí ó tó kó owó fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Fún un, pásítọ̀ ni ẹni tí a lè lọ bá pé ọmọ ìjọ rẹ ṣe báyìí, ìjọ sì ni ibi tí ojú yóò ti ti ẹni tí ó hùwà burúkú. Ẹni tí kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni ló ń bà á lẹ́rù. Mo dárúkọ ìyá kan ní àjà kejì fún un, tí ó mọ̀ mí láti ìgbà tí mo ti jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ayálégbé nínú ẹ́sítéètì náà. Ó gbé fóònù níṣojú mi, ó pè é. Wọ́n sọ̀rọ̀ mi bí ẹni pé n kò dúró níbẹ̀. Nígbà tí ó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní kí n wọlé wá wo ògiri yàrá tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń sùn: ọ̀rinrin ti mú un dúdú láti ilẹ̀ títí dé ojú fèrèsé, wọ́n sì ti fa bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà wá sí àárín yàrá kí aṣọ ìbora má baà kan ògiri. A kò sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn mọ́ títí mo fi jáde.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi tí ó ga jù ni pé kí ẹ ti ní oníduùró yín kí ẹ tó gbé pátákó ìpolongo. Ẹ wọ ẹgbẹ́ àwọn ayálégbé, ẹ wọ ìgbìmọ̀ alákòóso ilé-ìwé àdúgbò, ẹ jẹ́ ẹni tí ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí káńsù fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kọ, kí ẹ sì ṣe é fún ọdún púpọ̀ ṣáájú ìbò. Lẹ́yìn tí ẹ bá wọlé, òfin ọdún 2011 sọ pé kí káńsẹ́lọ̀ forúkọ ilé, iṣẹ́ àti ohun ìní rẹ̀ tí ó kan ipò náà sílẹ̀ láàrin ọjọ́ 28. Ẹ sọ fún àwọn ènìyàn pé ìwé yẹn wà, ẹ sì sọ ibi tí wọ́n ti lè rí i. Ìdáhùn gidi ni sí ìbéèrè ìyá yẹn.

Bí wọ́n bá bi yín nípa ẹ̀sìn, ẹ dáhùn pẹ̀lú gbólóhùn kan, kí ẹ sì dúró. Mo ti rí olùdíje tí ó jókòó sórí àga iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì ní oṣù tí ìbò ku sí dẹ̀dẹ̀, tí kò sì mọ orin ìyìn kan. Gbogbo ìjọ ló rí i, wọn kò sì gbàgbé. Ìdàkejì rẹ̀ náà burú: ẹni tí ó fẹ́ fi ìpolongo ìbò kọ́ àwọn ìyá wa pé òtúbáńtẹ́ ni ohun tí wọ́n ń gbàdúrà sí. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò bọ̀wọ̀ fún wọn, kò sì yẹ kí ó ṣojú wọn. Àwọn àgbà ní ìwà ni ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ ọ́ nípa yín.

Ẹnìkan ka ohùn sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn ará ìlú wa pé aláìgbàgbọ́ ni mí, pé bí mo bá wọlé, n óò ti ṣọ́ọ̀ṣì pa. Mo pè é. Ìbẹ̀rù tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe asán: ọ̀pọ̀ ìjọ wa ló wà nínú ilé ìkẹ́rù, bí wọ́n bá sì fẹ́ sọ irú ilé bẹ́ẹ̀ di ibi ìjọsìn, wọ́n nílò àṣẹ káńsù. Mo ṣàlàyé pé káńsẹ́lọ̀ tí ó bá jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń fúnni ní àṣẹ náà kò gbọdọ̀ ti pinnu ṣáájú, ìbáà jẹ́ láti gbè wọ́n tàbí láti kọ̀ wọ́n, nítorí náà n kò lè ṣèlérí fún un. Ṣùgbọ́n mo lè ràn wọ́n lọ́wọ́ kí ìwé wọn lè pé. Ó yọ ohùn náà kúrò láìjẹ́ pé mo béèrè.

Ẹ má sì bẹ̀rù àwọn pásítọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ìjọ tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ àánú lábẹ́ òfin kò gbọdọ̀ ti olùdíje kankan lẹ́yìn, lílo ìbẹ̀rù ẹ̀sìn láti darí olùdìbò sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú òfin ìdìbò. Lára ìdí tí ilé ẹjọ́ ìdìbò fi fagi lé ìbò tí Lutfur Rahman fi wọlé gẹ́gẹ́ bí mèyọ̀ Tower Hamlets, ní ìlà-oòrùn London, ní 2014 ni lẹ́tà kan tí àwọn imáàmù 101 fọwọ́ sí. Ó tún padà wọlé ní 2022.

Ẹ wo Kemi Badenoch náà, bí ẹ bá fẹ́ràn ìṣèlú rẹ̀ tàbí ẹ kò fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni bàbá ìyá rẹ̀, síbẹ̀ ó sọ ní gbangba ní 2025 pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́ láti ìgbà tí òun ti ka ìròyìn ìwà ìkà Josef Fritzl, ará Austria tí ó ti ọmọbìnrin rẹ̀ mọ́ abẹ́ ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní òun kò kọ ẹ̀sìn Kristẹni gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ẹgbẹ́ Conservative kò lé e kúrò nípò olórí nítorí ìyẹn.

Ìlú wa ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999, ní ẹsẹ 10, sọ pé ìjọba kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kankan di ẹ̀sìn ìjọba, ṣùgbọ́n gbólóhùn tí ó kẹ́yìn ìbúra ipò nínú ìwé òfin kan náà ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó ranni lọ́wọ́. Tai Solarin, tí ó dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, kò fi àìgbàgbọ́ rẹ̀ pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ àwọn òbí onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ń kó ọmọ wọn lọ síbẹ̀. Ìjọba ológun ló fi í ṣe alága People's Bank ní 1989, a kò dìbò fún un. Ṣùgbọ́n mo gbà pé bí irú rẹ̀ bá díje fún káńsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù tí àwọn òbí wọ̀nyẹn ń gbé, wọn yóò dìbò fún un. Ibẹ̀ ni kí ẹni tí ó bá fẹ́ gbìyànjú ní ilé ti bẹ̀rẹ̀: wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kì í ṣe ipò gómìnà.