Ọdún tí a sun inú àgọ́ létí òkun

Ẹ má bi mí ní ohun tó ṣẹlẹ̀ láti oṣù kẹta títí dé oṣù kọkànlá. Mo ṣiṣẹ́, mo sùn, àwọn ìbejì ga sí i, owó iná mànàmáná wọ́n sí i. Ẹ mọ ti oṣù kejì. Mi ò ní tún un kọ. Bí wọ́n bá ní kí n jíhìn ọdún yìí, Cinque Terre nìkan ló wà lẹ́nu mi, àwọn abúlé márùn-ún kan létí òkun ní Ítálì: òtútù oṣù Kejìlá, àti àgọ́ tí Bàbá Ìbejì rà nítorí pé wọ́n gé owó rẹ̀ wálẹ̀.

Mo pe Màámi kí a tó lọ. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé onílé lé yín jáde ni?" Mo ní rárá o, ìgbafẹ́ ni. "Ẹ máa sanwó kí ẹ tó sun ilẹ̀ẹ́lẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní kí n gbé fóònù fún Bàbá Ìbejì. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún un, ṣùgbọ́n "ẹ má bínú, mà" ló ń tẹnu rẹ̀ jáde ṣáá.

Láti Torino, ọkọ̀ ojú irin gbé wa dé Genova, a sì wọ òmíràn dé Levanto, ìlú tó ṣáájú àwọn abúlé márààrún náà. Igun kan péré ni wọ́n ṣí ní ibi ìpàgọ́. Àwa nìyẹn, tọkọtaya ará Jámánì kan tí wọ́n ń sun inú ọkọ̀ tó ní híítà, àti ológbò kan. Gettone, irin pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ, lo máa fi ra omi gbígbóná nílé ìwẹ̀. Bó bá tán nígbà tí ọṣẹ ṣì wà lójú rẹ, ó di ìwọ àti Ọlọ́run.

Mo ti dé ibẹ̀ rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èrò ni mo rí, mi ò rí abúlé. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ti wọ́ àwọn ọkọ̀ ojú omi gòkè sáàárín ìgboro, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ti tì, àwọn ìyá àgbà sì ráyè kí èèyàn. Corniglia nìkan ni kò sí létí omi. Àtẹ̀gùn tó lé ní 370 lo máa gùn láti ibùdókọ̀. Bàbá Ìbejì, alára líle, jókòó lágbedeméjì, ó ní òun ń wo òkun. Ẹ̀yìn ló kọ sí òkun.

Ní tèmi, ògiri oko wọn wù mí ju òkun lọ. Òkúta ni wọ́n tò lé òkúta láìsí sìmẹ́ńtì, òun ló sì gbé ọgbà àjàrà ró lórí òkè tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́gẹ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi oko sílẹ̀, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ní 25 oṣù Kẹwàá 2011, òjò ńlá fi ẹrẹ̀ bo Vernazza àti Monterosso mọ́lẹ̀, ẹ̀mí sì bá a lọ.

Rélùwéè ló so ibẹ̀ mọ́ ayé láti àwọn ọdún 1870. Òkè ni wọ́n lu já: inú òkùnkùn lo máa wà, òkun á yọ fìrí, òkùnkùn á tún dé. Ẹ̀yin tí a ti jọ ń bọ̀ mọ̀ pé owó rélùwéè ni Bàámi fi tọ́ wa l'Ọ́fà, pé wọ́n máa ń wo aago ọwọ́ wọn bí wọ́n bá ti gbọ́ fèrè, kódà lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ní Vernazza, apá kan ibùdókọ̀ wà nínú ihò òkè. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo ṣí WhatsApp, mo ti ń wá orúkọ wọn kí n tó rántí.

Táíwò ní, "Mọ́mì, ojú yín ń ṣomi." Mo ní atẹ́gùn ni. Nínú ihò òkè.

Ní Manarola, bàbá rélùwéè kan tó ti fẹ̀yìn tì, Mario Andreoli, fi ọ̀pọ̀ ọdún to ère ìbí Jésù sí gbogbo ara òkè, ohun tí àwọn èèyàn dà nù ló sì fi ṣe wọ́n. Bàbá náà ti ṣaláìsí, ṣùgbọ́n iná ère náà ṣì ń tàn ní 8 oṣù Kejìlá. Kẹ́hìndé bi mí bóyá Bàbá Àgbà tiwa náà kọ́ nǹkan lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Mo ní wọ́n kọ́ ilé adìyẹ. Ó ní ṣé ó ṣì wà? Mo ní ó wó lọ́sẹ̀ kejì, àwọn adìyẹ sì dúpẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá wa dé Ọ̀fà, ẹ̀yin tí ẹ sùn ti Màámi, Ọlọ́run á san án fún yín. Ẹni tó gbé kúlà ìrẹsì wa lọ, ẹ jọ̀ọ́, a ṣì ń retí rẹ̀.

Lọ́dún tó ń bọ̀, bí ẹ̀mí bá wà, mo fẹ́ mú Màámi wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun tó ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn láti 2021. Wọ́n ní àwọn ò wọ̀ ọ́, ta ni yóò bá àwọn wo aago? Mo ní èmi ni. Wọ́n ní àwọn á rò ó. Mo ti wo owó ọkọ̀ òfúrufú ti oṣù kẹrin. Ó wọ́n. Màá tún wò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.