Ẹ́ńjìnnì tó ń kú bí a bá ti ṣọ́ọ̀kì padà

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, oṣù Ṣẹ́rẹ́. Kubwa.

Ọyẹ́ mú láti ìdájí. Eruku ti bo tábìlì kí agogo méje tó lù, jẹnẹrétọ̀ tó délẹ̀ lónìí kò sì yàtọ̀ sí ti àná: 2.5 KVA, four-stroke, 163 cc. Bí a bá fa ṣọ́ọ̀kì, ó ń ṣiṣẹ́. Bí a bá tì í padà, ó kú. Bí a bá fi sí ìdajì, á ké vùùù, á rọlẹ̀, á tún ké vùùù, bí ẹni tí èémí ò délẹ̀.

Ṣọ́ọ̀kì ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ń dùn ún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dín afẹ́fẹ́ kù kí epo lè pọ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná tí kò sì lè ṣe láìsí i, epo ni kò tó o. Síbẹ̀, ẹ tú púlọ́ọ̀gì tó ń tanná sí epo wò, kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Tòní funfun lẹ́nu bí ẹfun, ìyẹn náà ń sọ pé epo kéré. Ká ní ó dúdú tó sì gbẹ bí èédú ni, epo ló pọ̀ jù tàbí kí fíltà tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ ti dí. Bó bá ń yọ̀ fún ọ́ìlì, ríìngì ara písítìnnì ni kí ẹ lọ wò. Èyí tó dára máa ń rí bíi tíì oní-mílíìkì àwọn mai shayi. Àlàfo ẹnu rẹ̀, 0.7 sí 0.8 mm.

Ó wá ku kábúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò. Ẹ ti kọ́ọ̀kì epo, kí ẹ gbé ike tó mọ́ gaara sábẹ́ báwùlù, àwo kékeré tí epo ń dúró sí nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi sípánà 10 tú bóòtì tí a fi ń dà á nù. Bẹntiróòlù wà lókè nínú ike tòní, ẹ̀kán omi mẹ́ta wà nísàlẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, yanrìn kúnná bí iyọ̀ sì yí wọn ká. Àrọ tí kò ní asẹ́ ló fà á.

Jẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yà oníhò tí epo ń gbà kọjá, méjì ló wà. Ńlá wà nínú òpó àárín, sukudiráfà ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ ló ń tú u. Ẹ gbé e sójú oòrùn: ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí roboto. Tòní yí. Ẹni tó bá ń kánjú á dá a padà níbẹ̀, á sì pàdánù ọ̀rọ̀ náà, torí jẹ́ẹ̀tì kékeré ló dí, èyí tó fara pamọ́ sábẹ́ sukúrù ìrọra-sáré (idle speed). Ike ni lára irú kábúrétọ̀ yìí, ihò rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju irun lọ. Fọ́nrán bàbà kan ṣoṣo láti inú wáyà iná la fi gún un. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ ṣe é: á fẹ ihò lójú, jẹ́ẹ̀tì tó bá sì ti fẹ̀, tuntun ló kù. Lẹ́yìn ìyẹn, atẹ́gùn ọ̀dọ̀ fọkanáísà.

Ẹlòmíì á gbọ́ vùùù yẹn, á ní gọ́fánọ̀ tó ń ṣàkóso eré ẹ́ńjìnnì ni, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí sukúrù. Gọ́fánọ̀ ò ṣẹ̀ ẹnì kankan. Ó kàn ń sá tẹ̀lé ẹ́ńjìnnì tí ebi epo ń pa ni. Bí ẹ bá yí i, fólítì á gòkè, gílóòbù á jó, àrùn kan á di méjì.

Fíltà wá ńkọ́? Ìwé ẹ́ńjìnnì ní ká máa fọ̀ ọ́ ní wákàtí 50-50, ṣùgbọ́n nínú ọyẹ́ Àbújá, wákàtí mẹ́wàá ti tó. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ni fún fóòmù, kì í ṣe bẹntiróòlù. Ẹ sá a gbẹ, ẹ ta ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, ẹ fún un títí kò fi ní kán mọ́. Oníbébà kì í fọwọ́ kan omi, ẹ gbọ̀n ọ́n nù ni. Ẹni tó yọ fíltà dànù pé “kó lè mí dáadáa” ń bu yanrìn sáàárín písítìnnì àti sílíńdà. Èéfín aláwọ̀ búlúù ni yóò kẹ́yìn rẹ̀.

Ọ́ìlì: 0.6 lítà, SAE 30. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 20 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní 100-100, kí ẹ́ńjìnnì wà ní lọ́wọ́ọ́wọ́, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Bí ọ́ìlì bá ga sí i fúnra rẹ̀ tó sì ń rùn bí bẹntiróòlù, abẹ́rẹ́ flóòtì tó ń dá epo dúró nínú kábúrétọ̀ ló ń jò. Ẹ má tan án títí ẹ ó fi pààrọ̀ abẹ́rẹ́ náà àti ọ́ìlì. (Jẹnẹrétọ̀ kékeré two-stroke, èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, yàtọ̀: ọ́ìlì 2T, 20 ml sí lítà epo kan, kì í ṣe ìdérí ìgò tí kálukú ń fojú wọ̀n.)

A dì í padà, a ṣí kọ́ọ̀kì, a fún báwùlù ní ìṣẹ́jú kan kó kún. Ìfà kejì ló gbà. Ṣọ́ọ̀kì padà sílé, ohùn rẹ̀ ò mì. A kan áyọ́ọ̀nù 1,000 watt mọ́ ọn: ó rọlẹ̀ díẹ̀, ó sì gbé e.