Ẹ̀yin tíṣà lẹ́sìnnì tuntun, ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ ní ìdá

Ẹ̀yin àbúrò mi, mo rí ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri kiri ní Agbowó: Máàtì, Físíìsì, JAMB, WAEC, A1 dájú. Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi náà ti jẹun nídìí iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí mo ti wọ Yunifásítì Ìbàdàn. Òun ló ra ìwé, òun ló san owó ilé, mo sì ti dé ọdún àṣekágbá báyìí.

Èkíní, ẹ gba owó oṣù ṣáájú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "a ó ríra" dá yín lóhùn.

Èkejì, ẹ má sọ pásìkúẹ́ṣìnnì, ìyẹn ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá, di odindi ẹ̀kọ́. Ó wúlò lóòótọ́. Ìbéèrè 180 ni JAMB ń béèrè láàárín wákàtí 2, ìṣẹ́jú àáyá 40 péré ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ yá. Àmọ́ ọwọ́ yíyá kò wo ohun tó ti bàjẹ́ láti púráímárì.

Ẹ̀kẹta gan-an ló ń dùn mí. Mo kọ́ ọmọ SS 2 kan rí ní Bódìjà. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ já gaara, nóòtì rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo fún un ní x/3 + x/4, ó kọ 2x/7. Àwọn tó ti kọ́ ọ ṣáájú mi, bírò pupa ni wọ́n ń fi fà á, wọ́n á kọjá. Mo yọ x kúrò, mo ní kó ro 2/3 pọ̀ mọ́ 1/4. Ó kọ 3/7, ó ro tòkè mọ́ tòkè, tìsàlẹ̀ mọ́ tìsàlẹ̀. Mo ní, "Nínú 3/7 àti 2/3, èwo ló pọ̀ jù?" Ó ní 3/7 ni, torí 7 ju 3 lọ. Ọmọ fi nǹkan kún nǹkan, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dín kù, kò sì fura!

Káfíńtà ni bàbá mi. Kí wọ́n tó kọ́ mi ní ìdá níléèwé ni mo ti ń di orí téèpù mú fún wọn. Bí mo bá ka ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ sí ìdá kan nínú mẹ́rin, pákó ti bàjẹ́ nìyẹn, ìfọ́tí sì ń bọ̀. Mo bá mú téèpù lọ sílé wọn. Mo ní kó wo íǹṣì kan ṣoṣo: ìlà tó gùn ní àárín ni ààbọ̀, èyí tó kéré sí i ni ìdá mẹ́rin, lẹ́yìn náà ìdá mẹ́jọ, àwọn tíntìntín yẹn sì ni ìdá mẹ́rìndínlógún. Ó ń fi èékánná tọ̀ ọ́ lọ. Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé bí tìsàlẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ègé ń kéré sí i?" A wá gé 2/3 àti 1/4 ti àkọ́kọ́ sí ọ̀nà 12: 8/12, 3/12. Òun fúnra rẹ̀ ló pe 11/12.

Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ bá wa. "Tíṣà, ṣé iṣẹ́ káfíńtà lo wá kọ́ ọmọ mi ni? SS 2 ni mo ń sanwó fún, kì í ṣe púráímárì 5." Mo ṣàlàyé títí, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti mú ẹlòmíì, ẹni tó ń de táì, tó ń da pásìkúẹ́ṣìnnì lé ọmọ lórí. Wọn ò san owó tèmi. Nígbà tí ọmọ náà dé SS 3, tí èsì WAEC jáde, F9 ni Máàtì. Ákáúńtìn sì ni ọmọ ọ̀hún fẹ́ kà.

Irú òbí bẹ́ẹ̀ ń dúró dè yín. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ fún ọmọ ní ìbéèrè mẹ́wàá: ìdá, ìpín gbọọrọ, nọ́ńbà tó wà lábẹ́ òdo. Ẹ jẹ́ kí òbí fojú ara wọn rí ìwé náà kí ẹ tó dá iye owó. Ẹni tó bá ní SS 2 náà lòun ń fẹ́, kó lọ mú oní-táì.

Ìyá yẹn pè mí lẹ́yìn èsì. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ san gbèsè ọjọ́sí. Dákẹ́ ni mo gbọ́. Ọmọ náà ń wá sí yàrá mi ní Sátidé, lọ́fẹ̀ẹ́, ìyá rẹ̀ ò mọ̀. NECO ló ń múra sílẹ̀ fún, a sì ti dé quadratic, ìṣirò tó ní x² nínú.