Nọ́ńbà ara ògiri

Àwọn akunlé dé sílé wa láàárọ̀ yìí. Ẹni tó ń ha ògiri dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ní, "Màmá, ṣé kí n kun eléyìí náà?"

Nọ́ńbà ìkànìyàn ni! Èyí tí àwọn ọ̀dọ́ kan wá kọ síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sàmì sílé sílẹ̀ de ètò ọdún 2023. Dúdú kirikiri, ó tóbi gbàgàdà, ẹsẹ̀ 7 inú rẹ̀ sì gùn bí ìrù ọ̀bọ. Òjò rọ̀ ọ́, oòrùn pa á, kò ṣí. Àwọn ọmọ yẹn ṣiṣẹ́ o, ẹ má parọ́ mọ́ wọn. Òkè lọ́hùn-ún ló ti dojú rú.

Wọ́n ní oṣù kẹta ni wọn yóò kà wá. Wọ́n sún un sí oṣù karùn-ún. Nígbà tó kù fẹ́ẹ́rẹ́, Ààrẹ Buhari ní kí ìjọba tó ń bọ̀ wá ṣe é. Ìkànìyàn 2006, mílíọ̀nù 140 lé díẹ̀, la ṣì ń gbé kiri. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti tó ìbò dì!

Ìjọba tí kò tíì kà wá yìí náà ló ní òun ní ìwé orúkọ àwọn tálákà, òun mọ ilé tí wọ́n wà, òun yóò fowó ránṣẹ́ sí wọn. Mo bi ọkọ mi pé orúkọ ta ló wà nínú ìwé yẹn gan-an. Ó ní, "Orúkọ àwọn tó kọ ọ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé wọ́n kọ nọ́ńbà sára ilé tiyín náà? Ṣé ẹnikẹ́ni ti padà wá kà yín?