Àdìrẹ kọ́ ni ti igbó yìí

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìtòkú, ọjà àdìrẹ l'Ábẹ́òkúta, dé ni. Mo sọ fún ìyá aládìrẹ mi pé mò ń múra àtilọ sí Grumeti, igbó ẹranko aládàáni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Serengeti ní Tanzania. Màmá ní, "Kìnnìún tí ọdẹ ń sá fún, ìwọ ló fẹ́ sanwó lọ bá?" Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Ni wọ́n bá tú aṣọ aláró kan jáde, ó dúdú minimini, òórùn aró ṣì wà lára rẹ̀. Mo ti ró o mọ́dìí kí n tó rántí: aṣọ aláwọ̀ aró àti dúdú gan-an ni tsetse, eṣinṣin tó máa ń gé ènìyàn jẹ, máa ń rọ́ lù, àwọ̀ méjèèjì yìí náà ni wọ́n fi ń ṣe pańpẹ́ tó ń mú un. Àwọ̀ koríko gbígbẹ ló yẹ ibẹ̀. Mo rà á ṣá o. Òde kò ní tán l'Ábẹ́òkúta.

Oṣù kẹfà sí ìkeje ni mò ń fojú sùn, nígbà tí agbo wildebeest, ẹranko oníwo tó jọ màlúù, máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ti wà nílẹ̀. Owó ibùsùn ńkọ́? Ẹ má bi mí.

Ta ló ti dé ibẹ̀ nínú yín? Ṣé eṣinṣin yẹn le tó bí wọ́n ṣe ń wí?